Wọ́n gé igi ogójì ọdún, wọ́n gbin èyí tó ga dé orúnkún: ṣé ààbò igi nìyẹn?

Tí ẹ bá wọ dánfó l'Ékòó tàbí Micra n'Íbàdàn, orúkọ igi ni kọ̀ńdọ́ àti dẹ́rẹ́bà máa ń pè sí yín létí. Ìdí-Àràbà. Ìdí-Mángòrò. Ìdí-Àpẹ́. Ìdí-Arère. Ìdí-Iṣin. Kódà tí ẹ bá ń lọ sí Benin, Ìdí-Ìrókò lẹ máa bá lẹ́nu ibodè. Àwọn tó sọ àwọn àdúgbò yìí lórúkọ kò wá orúkọ lọ síbi tó jìnnà. Igi ńlá kan wà níbẹ̀, òun ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà ni wọ́n fi júwe ọ̀nà. Lónìí, mélòó nínú àwa tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló lè nawọ́ sí igi náà?

Ẹ wá wo àwọn ibi tí a ti ń kọ́ ilé tuntun báyìí: Ìbéjú-Lẹ́kí, Ẹ̀pẹ́, Mòwé, Àkóbọ̀, Mọníyà. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dé sórí ilẹ̀ ni katapílà. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé kò tíì mọ ibi tí pálọ̀ máa wà, àkítẹ́ẹ̀tì ò tíì ya nǹkan kan, àmọ́ wọ́n á ti "ro ilẹ̀" náà mọ́ tónítóní. Mángòrò, agbálùmọ̀, odán, ọ̀pẹ, gbogbo ẹ̀ á wó lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ́síteètì yẹn á gbé àwòrán jáde sórí Instagram: ilé funfun, koríko tútù, ọmọ igi mẹ́wàá tí wọ́n fi ọ̀pá tì kó má baà ṣubú. Wọ́n á kọ "green estate" sí i lára.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n bá dárúkọ ààbò igi, igi gbígbìn ló máa ń wá sọ́kàn ìjọba àti àwa ará ìlú. Igi tó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé, òun gan-an ni kò ní alágbàwí. Kódà níbi tí wọ́n ti dá a sí, tí wọn ò gé e, iṣẹ́ ìkọ́lé fúnra rẹ̀ ṣì lè pa á láìsí ẹni tó fi àáké kàn án.

Òfin wà, ìwé ni kò bá a mu

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ìjọba. Òfin wà. Ní 2008, nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, Èkó ya July 14 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ igi gbígbìn, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún. Ní 2011, wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ LASPARK sílẹ̀, èyí tó ń mójútó ọgbà ìgbafẹ́ àti igi. Lábẹ́ ètò yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gé igi l'Ékòó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn, kódà kí igi náà wà nínú ọgbà rẹ̀. Lókè pátápátá, òfin ètò ìlú tí ìjọba ológun ṣe fún gbogbo Nàìjíríà ní 1992, èyí tí wọ́n ń pè ní Decree 88, ní apá kan tó dá lórí dídá igi sí àti gbígbin igi nígbà tí èèyàn bá ń kọ́lé.

Kí ló wá dé tí igi ṣì ń wó bí ẹni ń ṣẹ́ iná ìdáná?

Ìdáhùn kan wà tó rọrùn: a kì í tẹ̀ lé òfin, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò pọ̀ tó. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ mú survey plan ilẹ̀ tí ẹ rà jáde. Kí lẹ rí níbẹ̀? Píílà mẹ́rin pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ìwọ̀n ilẹ̀, orúkọ yín, títì tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Igi ńkọ́? Kò sí. Ìwé yẹn kan náà ni àkítẹ́ẹ̀tì máa gbà, tó máa ya ilé, kànga, sọ́kàwéè, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti fẹ́ǹsì sórí ẹ̀. Àwòrán yẹn ló ń lọ sọ́dọ̀ LASPPPA, àjọ tó ń fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé l'Ékòó. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i nínú ọ́fíìsì, ilẹ̀ gbalasa ló ń wò. Ọ̀rọ̀ igi wà ní ọ́fíìsì mìíràn, lọ́dọ̀ LASPARK. Nígbà tí ọ́fíìsì kejì bá fi máa gbọ́, katapílà ti lọ sórí iṣẹ́ mìíràn.

Igi tí kò sí lórí ìwé, bí ẹni pé kò sí láyé ni lójú ẹ̀ńjíníà. Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti ń jò.

Igi kì í kú lọ́jọ́ tí wọ́n pa á

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, títí kan àwọn tó fẹ́ràn igi. Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi dá mángòrò tó wà lórí ilẹ̀ mi sí o, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo kọ́lé sí." Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, mángòrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí wá. Wọ́n á ní ó ti darúgbó. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹ̀ka igi ṣe ga sókè ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe jìn sísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi wà nínú ilẹ̀ òkè, kò ju nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sísàlẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́, omi àti oúnjẹ wà. Dípò kó máa lọ sísàlẹ̀, ṣe ló ń tàn káàkiri, ó sì máa ń kọjá ibi tí ibòji igi náà mọ. Ìyẹn ni pé ojúde ilé tí ẹ rò pé ó ṣófo yẹn, abẹ́ rẹ̀ kún fún gbòǹgbò.

Iṣẹ́ ìkọ́lé wá ń pa gbòǹgbò yìí lọ́nà mẹ́rin.

Àkọ́kọ́ ni kòtò. Wọ́n gbẹ́ fáǹdéṣọ̀n fẹ́ǹsì, wọ́n gbẹ́ ti páìpù omi, wọ́n gbẹ́ gọ́tà. Ọkọ́ àti àdá gé gbòǹgbò ńlá sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbòǹgbò yẹn kì í ṣe ẹnu tí igi fi ń mumi nìkan, òun náà ni okùn tó dì í mú. Nígbà tí ìjì bá jà, igi náà á wó gba ẹ̀gbẹ́ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bóyá sórí ilé, bóyá sórí ọkọ̀. Àwọn aráyé á ní igi ni ọ̀tá. Ta ló gé okùn rẹ̀?

Èkejì ni ẹrù. Típà tó gbé yanrìn, ọkọ̀ tó ń po kọnkéré, bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò sábẹ́ igi torí pé ibòji wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó ti le gbagidi kò ní àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, omi òjò ò sì lè wọlé. Gbòǹgbò á máa kú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló wọ́pọ̀ jù lápá Lẹ́kí, Ajá àti gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ l'Ékòó: yanrìn dídà. Nítorí àgbàrá, a ń da yanrìn tàbí ilẹ̀ pupa kí ilẹ̀ lè ga. Tí igi bá wà níbẹ̀, wọ́n á da yanrìn náà yí i ká títí dé àyà rẹ̀. Lójú wa, wọn ò fọwọ́ kan igi. Ní abẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò tó ti mọ́ ọn lára láti máa mí nítòsí ojú ilẹ̀ ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yanrìn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí wọ́n ti sin báyìí, ẹ wo ìdí rẹ̀. Igi tí ara rẹ̀ dá máa ń fẹ̀ nídìí bí ẹni tó na ẹsẹ̀. Èyí tó bá wọlẹ̀ gbọọrọ bí òpó iná, wọ́n ti bò ó.

Ẹ̀kẹrin ni omi sìmẹ́ǹtì. Ibi tí bíríkìlà ti ń fọ ṣọ́bìrì àti báàfù rẹ̀ lálaalẹ́, ìdí igi ni. Omi yẹn korò fún gbòǹgbò. Tí ilé bá wá parí, wọ́n á fi íńtálọ́ọ̀kì tàbí kọnkéré dí gbogbo ilẹ̀ pa, títí kan ara igi.

Igi tí wọ́n ṣe báyìí fún lè máa tutù lọ fún ọdún méjì sí márùn-ún, torí ó ní oúnjẹ tó tọ́jú sára. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka òkè á gbẹ. Nígbà yẹn, kọ́ńtíráátọ̀ ti gba owó rẹ̀, ó ti lọ. Kò sí LASPARK tó lè mú ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó gé igi.

Ẹ má bínú sí onílé jù

Àwọn tó ń gé igi náà ní ẹjọ́ wí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ilẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó, pulọ́ọ̀tì kan tàbí àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ fún. Pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀ àti ọgọ́fà ní gígùn. Tí igi ńlá bá dúró sáàárín rẹ̀ gan-an, ibo lonílé fẹ́ kọ́ ilé sí? Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ejò. Àwọn mìíràn ò fẹ́ ewé tó ń dí gọ́tà. Tó bá sì jẹ́ ìrókò, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá àgbà máa sọ.

Ti pé gbòǹgbò ń ba ilé jẹ́, òótọ́ wà níbẹ̀. Gbòǹgbò igi ńlá lè gbé fẹ́ǹsì tàbí íńtálọ́ọ̀kì sókè. Lórí ilẹ̀ amọ̀, igi tó sún mọ́ ilé jù lè fa omi inú ilẹ̀ débi pé ilẹ̀ á sún kì, ìpìlẹ̀ á sì rì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bí igi ṣe jìnnà sí ilé tó nìyẹn. Kò ní ká wá torí rẹ̀ pa igi ogún éékà rẹ́.

Ẹni tó ni àbọ̀ pulọ́ọ̀tì kọ́ ni ìjà wa yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ra éékà méjìlá, tó fẹ́ gé e sí pulọ́ọ̀tì tà, tó láǹfààní láti tẹ títì síbí tàbí sọ́hùn-ún, òun ni. Ìjọba tó ń la ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Àwọn yìí láyè láti yẹra fún igi. Wọn kì í yẹra torí pé ilẹ̀ tó pa rẹ́ rọrùn ún tà, katapílà sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju èrò lọ.

Ohun kan tún wà tí onílé kékeré pàápàá lè rò. Òfin ìkọ́lé ti ní kó fi àyè sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Igi tó bá wà nítòsí ààlà ilẹ̀, inú àyè yẹn ló sábà máa ń bọ́ sí. Dídá a sí kò gba yàrá kankan lọ́wọ́ yín. Íńtálọ́ọ̀kì díẹ̀ ló máa dín kù.

"A ó gbin òmíràn" kò tó

Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn ni pé wọ́n á gbin mẹ́wàá dípò ọ̀kan. Ó dùn létí. Àmọ́ iṣẹ́ tí igi ń ṣe fún wa, ewé àti gbòǹgbò ló fi ń ṣe é. Ibòji rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí oòrùn bá ògiri àti ọ̀dà títì. Omi tó ń fà láti inú ilẹ̀ tó sì ń tú sáfẹ́fẹ́ láti ara ewé, òun ló ń mú kí abẹ́ rẹ̀ tutù ju abẹ́ páànù lọ. Ewé rẹ̀ ń gba òjò dúró kó tó dé ilẹ̀, gbòǹgbò sì ń ṣínà fún omi láti wọlẹ̀ dípò kó dà sí gọ́tà. Ọmọ igi mẹ́wàá tó ga dé orúnkún, ewé wọn pọ̀ kò tó ẹ̀ka kan lára àgbà mángòrò. Kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ogún sí ọgbọ̀n ọdún ni, ìyẹn tí ẹnìkan bá ń bomi rin wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àárín òjò ni July 14. Ta ló máa wá bomi rin igi ní January?

Ẹ ronú kan igi Agíà ní Àgbádárìgì. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere ní ilẹ̀ wa ní 1842. Àgbà igi ni nígbà yẹn. Ó ṣì dúró fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́fà lẹ́yìn náà, kí ìjì tó wó o ní 1959. Irú igi bẹ́ẹ̀, ìjọba mélòó ló gbà kó tó di igi? Ẹ ò lè fi ètò ọdún mẹ́rin rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, àti ibi tí wọ́n ti kùnà

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tó ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù lè bi í léèrè. Níbẹ̀, káńsù lè fi òfin dè igi kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ máa dé kóòtù, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì ní òpin tí òfin fi lé e. Èyí tó wù mí jù ni ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé lórí ilẹ̀ ìkọ́lé, BS 5837, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2012. Ohun tó sọ rọrùn. Ẹ ka igi kí ẹ tó ya ilé. Ẹ wọn bí ìtí igi ṣe nípọn tó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá. Ibi tó bá mọ láti ìdí igi, ilẹ̀ gbòǹgbò nìyẹn. Ẹ fi ọgbà tó dúró dáadáa yí i ká kí katapílà tó dé, kí ẹ má sì tú u títí iṣẹ́ fi parí. Kò sí bùlọ́ọ̀kù nínú rẹ̀, kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí iná, kò sí ọkọ̀. Igi tó nípọn tó ìdajì mítà, mítà mẹ́fà ni ilẹ̀ rẹ̀ yíká.

Àmọ́ òfin nìkan ò gba igi là lọ́dọ̀ tiwọn náà. Ní Sheffield, káńsù fọwọ́ sí iṣẹ́ títì ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní 2012, wọ́n sì gé igi ẹ̀gbẹ́ títì tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n ń gbin kékeré dípò. Ní November 2016, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwọn agégi àti ọlọ́pàá fi dé títì kan tí wọ́n ń pè ní Rustlings Road. Àwọn ará àdúgbò, arúgbó wà nínú wọn, jáde lọ dúró sábẹ́ igi. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró ní 2018. Ìwádìí tó jáde ní 2023 bẹnu àtẹ́ lu káńsù, káńsù sì tọrọ àforíjì.

Ní Nairobi, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà àgbéga ńlá wọn, igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún wà lójú ọ̀nà ní Westlands. Irú igi yẹn ní ọ̀wọ̀ láàárín àwọn Kikuyu bí ìrókò ṣe ní in láàárín wa. Àwọn ará ìlú pariwo, ní November 2020 Ààrẹ Uhuru Kenyatta pàṣẹ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Igi yẹn yè. Ọ̀pọ̀ igi mìíràn lójú ọ̀nà kan náà kò rí ààrẹ tó máa gbà wọ́n. Ohun tó yẹ kó kọ́ wa nìyẹn: tí igi bá ní láti dúró de ààrẹ kó tó yè, ètò ò sí.

Àwa náà ní tiwa. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo kò ṣàdédé wà. Ní àwọn ọdún 1950, èèwọ̀ tó ní kí wọ́n má gé igi níbẹ̀ ti ń tú, àwọn èèyàn ti ń wọ inú igbó náà. Susanne Wenger pẹ̀lú àwọn àwòrò àti oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ní 2005 UNESCO fi igbó náà, hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin, sára ohun ìní gbogbo ayé. Ìlú ti gbòòrò yí i ká, ó ṣì wà. Ohun tó gbà á ni pé àwọn kan ń ṣọ́ ọ kí ilé tó dé ibẹ̀.

Kí la lè ṣe?

Fún ìjọba, mi ò bẹ̀bẹ̀ fún òfin tuntun. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí wọ́n fi kún fọ́ọ̀mù ìwé ìkọ́lé: kí gbogbo igi tó bá nípọn ju ìwọ̀n kan lọ hàn lórí survey, pẹ̀lú fọ́tò, kí LASPARK sì ti rí i kí LASPPPA tó fọwọ́ sí àwòrán. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ́síteètì àti iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́yìn ìyẹn, tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́ láti wo ìpìlẹ̀, kí wọ́n wo ọgbà tó yí igi ká.

Fún ẹ̀yin tó ń ra ilẹ̀ tàbí ilé nínú ẹ́síteètì, ìbéèrè kan tó: "Igi wo ló wà níbí kí ẹ tó dé, èwo lẹ sì dá sí?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín lórí ìwé. Oníṣòwò máa ń gbọ́ èdè oníbàárà kíákíá ju ti ìjọba lọ.

Fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan. Ẹ mú okùn, ẹ fi yí ìtí igi ká lẹ́ẹ̀kan níbi àyà yín, ẹ gé e. Ìlọ́po mẹ́rin okùn yẹn, láti ìdí igi sí ìta, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọ̀n àwọn òyìnbó mu. Ẹ ri ọparun yíká ibẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ sọ fún bíríkìlà pé kò gbọ́dọ̀ da nǹkan kan síbẹ̀, kó sì wá ibòmíràn fọ ṣọ́bìrì rẹ̀. Tí àyè ò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ fún un ní èyí tó bá ṣeé ṣe, ẹ má sì gbẹ́ kòtò gba ẹ̀gbẹ́ mejèèjì igi. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ da yanrìn, ẹ má jẹ́ kó dé ìdí rẹ̀.

Tí ẹ bá sì rí katapílà tó dúró ti àgbà igi ládùúgbò yín lónìí, ẹ lọ bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó di ọ̀la. Tó bá dọ̀la, kò ní sí ohun tí ẹ máa bèèrè nípa rẹ̀ mọ́, àfi orúkọ tí kọ̀ńdọ́ á máa pè.